Ìtọ́jú Ọmọ Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Fara Pa Bẹ̀rẹ̀ Láti Ọkàn Òbí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ fún àwọn aboyún, àwọn abiyamọ àti àwọn agbẹ̀bí ní Agric, ní gbogbo Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́

Bí aboyún bá sọ̀ láyọ̀, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a máa ń kí i. Àwọn baba wa kò ṣèèṣì fi ewu sínú ìkíni yìí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ìbímọ kì í ṣe ọ̀nà tó tẹ́jú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ewu náà a kọjá, ìyá àti ọmọ a sì wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọmọ a yè, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni a ó sì tó mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa nígbà ìbí tàbí ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ayé. Ọrùn rẹ̀ kò dúró nígbà tí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, tàbí kí wọ́n rọ̀ jù. Oúnjẹ kì í tètè lọ lọ́fun rẹ̀. Gìrì sì lè máa mú un.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn tó ń bi ìyá ọmọ bóyá ó sùn lánàá. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ìtọ́jú ọkàn òbí kì í ṣe ohun tí a ń ṣe bí àyè bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìtọ́jú ọmọ. Ara ìtọ́jú ọmọ gan-an ni. Ìyá tí kò rí oorun sùn, tó gbà pé òun ni òun ba ọmọ òun jẹ́, kò ní lè fi wákàtí kan bọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ pẹ̀lú sùúrù. Bàbá tí ìtìjú mú sá kúrò nílé kò ní lè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a bá gba òbí là, a ti gba ìdajì ọmọ là.

KÍ NI Ó Ń ṢE ỌPỌLỌ ỌMỌ?

Ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà ara. Bí ibì kan nínú rẹ̀ bá fara pa nígbà tí ọmọ ṣì kéré, apá, ẹsẹ̀, ẹnu tàbí ojú tí ibẹ̀ ń pàṣẹ fún kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn àti ìdúró ni ó bàjẹ́, cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àìsàn tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan. Láti nǹkan bí 1861 ni dókítà kan ní London, William John Little, ti ṣàlàyé pé ìbí tó nira àti àìtètè mí ọmọ lè fa irú ẹsẹ̀ líle bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ohun tó sábà máa ń fà á nìwọ̀nyí:

1. Kí ọmọ má tètè mí nígbà tí a bí i. Afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ ọpọlọ. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọpọlọ a fara pa.
2. Ibà pọ́njú tó le lára ọmọ tuntun. Bí ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ bá ń pọ́n bí òróró ẹyìn, májèlé tó ń fa pípọ́n náà lè wọ inú ọpọlọ.
3. Àrùn tó ń ba awọ tó bo ọpọlọ jẹ́, tó ń mú ọrùn ọmọ le, àti ibà ẹ̀fọn tó gun orí.
4. Kí a bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Nígbà mìíràn pẹ̀lú, dókítà lè wá ohun tó fà á títí kí ó má rí i.

Ẹ jẹ́ kí òbí mọ ohun méjì. Èkíní, ọgbẹ́ inú ọpọlọ náà kì í tàn kálẹ̀ bí àwọn ọgbẹ́ mìíràn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èkejì, kò sí oògùn, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tó lè pa ojú ọgbẹ́ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ kékeré ṣì ń kọ́ nǹkan. Bí a bá ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a ń gbé e jókòó dáadáa, tí a ń bá a sọ̀rọ̀, tí a sì ń fún un ní oògùn gìrì déédéé, yóò lè ṣe púpọ̀ ju bí a ti rò lọ.

ẸJỌ́ TA NI?

Ìbéèrè yìí ni ó ń pa òbí jù. Kí ìyá tó béèrè lọ́wọ́ dókítà, àdúgbò ti dá a lóhùn. Àwọn kan á ní ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún, kò sì so òkúta tàbí abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ni ẹ̀mí àjèjì fi pààrọ̀ ọmọ. Àwọn mìíràn á ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni, tàbí orogún, tàbí ìyá ọkọ. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀ṣẹ̀ tó dá nígbà ọ̀dọ́ ni Ọlọ́run ń gbẹ̀san. Ìyá náà a gbọ́ gbogbo rẹ̀, a sì gbà wọ́n gbọ́ pọ̀, nítorí ẹni tí ìbànújẹ́ bá dé bá ń wá ìdí rẹ̀ kiri.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀. Rírìn lọ́sàn-án kò ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ìbínú orogún kò ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Oyún tí ẹ ṣẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kọ́ ni Ọlọ́run ń fi ọmọ yìí san. Àìrí afẹ́fẹ́, ibà pọ́njú, àrùn àti àìpé oṣù ni a ti kà sókè yẹn.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè dènà. Aboyún tó forúkọ sílẹ̀ ní kíá, tó bímọ níbi tí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ wà, tí kì í fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, tó sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an tí ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ti dín ewu kù púpọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba káńfọ̀ rárá, òórùn rẹ̀ nìkan sì tó láti mú ibà pọ́njú wọn le. Ṣùgbọ́n aboyún tí kò tíì bí ni a ń sọ èyí fún, kí ó lè fi ṣọ́ra. A kò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi na ìyá tó ti bí. Ẹni tó kó káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí aṣọ náà máa ta sánsán ni. Ẹni tó dá ọmọ dúró sínú oòrùn àárọ̀ dípò ilé ìwòsàn ń ṣe ohun tí àwọn àgbà kọ́ ọ ni. Ẹni tó bí sílé nítorí pé mọ́tò kò sí lóru kò fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ lánàá ni a fi ṣe ti àná. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni kí a fi ṣe ti òní.

BÍ ỌKÀN ÒBÍ TI MÁA Ń RÍ

Ìròyìn yìí máa ń dà bí òkú fún òbí, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò kú. Ọmọ tí wọ́n ti ń rò lọ́kàn láti oṣù mẹ́sàn-án, tí yóò sáré, tí yóò lọ sí iléèwé, tí yóò sin wọ́n, ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ń ké pé kí wọ́n fún òun lóúnjẹ. Kò sí ẹni tó ń wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Nítorí náà ni ọ̀fọ̀ yìí ṣe nira.

Lákọ̀ọ́kọ́, òbí a lè kọ̀ láti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n á ní ọmọ náà kàn ń fà sẹ́yìn ni, pé bàbá rẹ̀ náà kò tètè rìn. Lẹ́yìn náà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Wọ́n lè lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́ta, ilé àdúrà mẹ́rin, ọ̀dọ̀ oníṣègùn márùn-ún, kí owó ọjà àti ti ilé tó tán. Ìbínú a wá dé, sí agbẹ̀bí, sí ọkọ, sí Ọlọ́run, nígbà mìíràn sí ọmọ fúnra rẹ̀. Ìtìjú a mú kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ bo ọmọ lójú bí ó bá pọ̀n ọ́n kọjá ní ìdíkọ̀ Agric, tàbí kí ó má jáde mọ́ rárá.

Gbogbo èyí kì í tò lẹ́sẹẹsẹ, kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá lè ti gba kámú, kí ó tún sunkún lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà bá bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò ní ìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A lè máa banú jẹ́ kí a sì máa tọ́ ọmọ lọ́nà tó dára.

ÌGBÀ TÍ ÌBÀNÚJẸ́ BÁ DI ÀÌSÀN

Ìbànújẹ́ yàtọ̀ sí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí ohun tí a ó kà yìí bá wà lára ìyá tàbí bàbá lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó lọ rí olùtọ́jú:

1. Kò rí oorun sùn, àní nígbà tí ọmọ bá sùn.
2. Oúnjẹ kò wù ú, ó sì ń rù.
3. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn mọ́, kò fẹ́ rí ènìyàn.
4. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, kò lè ronú pa pọ̀.
5. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun gbogbo.
6. Ó ń ronú pé kí òun kú, tàbí pé kí òun pa ọmọ náà lára tàbí kí òun gbé e sọnù.

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ara ni ọkàn sábà máa ń gbà sọ̀rọ̀. Ìyá lè má sọ pé inú òun bàjẹ́. Yóò ní orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé etí òun ń hó, pé àyà òun ń já. Ọdẹ orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Dókítà Roger Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí ní 1987, ó sì fi hàn pé lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ọkàn ló wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, agbẹ̀bí tí ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá bá nítorí orí, kí ó má kàn fún un ní oògùn orí fífọ́ kí ó sì ní kí ó máa lọ.

Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Ní 2005, Dókítà Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn abiyamọ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bí 15 nínú 100 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá gbogbo ni wọ́n wò, kì í ṣe àwọn tí ọmọ wọn ní àìsàn nìkan. Ìbéèrè 10 tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní 1987 ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Ìbéèrè náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, agbẹ̀bí sì lè kà á fún ìyá tí kò mọ̀wé.

Ìtọ́jú sì wà fún un. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bí wọn yóò ti ṣe ran àwọn aboyún tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́. Wọ́n ń fi sùúrù jókòó ti ìyá, wọ́n ń bá a tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn ìyá náà lọ tí ara wọn ti yá kí ọmọ tó pé oṣù 6. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára nọ́ọ̀sì àdúgbò lọ.

Bí ìyá bá sọ pé òun ń ronú láti kú, ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ ÌYÁ LÈ ṢE FÚN ARA RẸ̀

1. Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ lè sọ òótọ́ fún, tí kò ní bá yín wí. Ẹ má máa dá ẹrù yìí rù.
2. Ẹ sùn nígbà tí ọmọ bá sùn. Aṣọ tí a kò fọ̀ lónìí, a lè fọ̀ ọ́ lọ́la.
3. Ẹ jẹun. Ìyá tó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ọmọ ń pa agbára tó fi ń gbé ọmọ náà run. Kí ẹ máa gbàdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹun, ẹ má sì dá oògùn gìrì ọmọ dúró nítorí pé ẹnì kan ríran.
4. Ẹ má fi ọmọ jìnnà sí ojú yín fún ìtọ́jú níbikíbi tí wọ́n bá ti ń na ọmọ, tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ń fún un ní ìtọ̀ màlúù tàbí àgbo tábà. Ìtọ̀ màlúù ti ba ọpọlọ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.
5. Ẹ máa kíyè sí ohun kékeré. Bí ọmọ bá wo ojú yín lónìí, tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi í wé ọmọ aládùúgbò. Ẹ fi í wé ara rẹ̀ ní oṣù tó kọjá.
6. Ẹ kọ́ bí a ti ń gbé ọmọ láìba ẹ̀yìn yín jẹ́. Ẹ tẹ eékún kí ẹ tó gbé e, ẹ má fi ìbàdí nìkan gbé e.
7. Ẹ padà sí ọjà tàbí iṣẹ́ yín bí ó bá ti ṣeé ṣe, kódà fún wákàtí díẹ̀. Owó díẹ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín pa àti ẹ̀rín pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́, oògùn ni.

Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́ fún ọmọ yín, ẹ pè é lórúkọ rẹ̀, ẹ ki oríkì rẹ̀. Ojú tí òbí bá fi wo ọmọ ni àdúgbò náà yóò fi wò ó.

BÀBÁ ỌMỌ ÀTI ÀWỌN ARÁ ILÉ

Ọkùnrin náà ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ láti sọ ọ́. Ó lè máa pẹ́ kó tó wọlé, ó lè máa mutí, ó lè dákẹ́. Ìyá a rò pé kò bìkítà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ àti aya jọ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà, ní ọjọ́ kan náà, kí ó má di pé ìyá nìkan ni yóò wá máa ṣàlàyé nílé bí ẹlẹ́jọ́. Bàbá tó bá ń bọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ti fún aya rẹ̀ ní ìsinmi, ó sì ti mọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹnu yín ní agbára púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbólóhùn kan láti ẹnu yín lè tú ilé ká, òmíràn sì lè mú un dúró. Bí ẹ bá lè gbé ọmọ náà fún wákàtí méjì kí ìyàwó yín lè sùn, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí dókítà kò lè ṣe.

Ẹ má gbàgbé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà. Wọ́n ń rí gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ràn, pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kí ẹ sì ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn náà.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LA FI Ń SỌ̀YÀ

Kò sí ẹni tó lè tu òbí irú ọmọ yìí nínú bí òbí mìíràn tí ọ̀nà kan náà ti gbà kọjá. Ní Gánà, wọ́n kó àwọn òbí ọmọ tó ní cerebral palsy jọ ní agbègbè 8, wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù 11. Wọ́n kọ́ bí a ti ń bọ́ ọmọ, bí a ti ń gbé e, bí a ti ń bá a ṣeré, wọ́n sì ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún ara wọn. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, èsì tó jáde ní 2018 fi hàn pé ayé àwọn òbí náà ti rọrùn sí i gidigidi, ìgboyà wọn láti tọ́jú ọmọ sì ti pọ̀ sí i.

Àwọn òbí ní Èkó náà ti ṣe irú rẹ̀. Ọ̀gágun òfúrufú tó ti fẹ̀yìn tì, Fẹ́mi Gbádébọ̀, àti aya rẹ̀, tí ọmọ wọn ní cerebral palsy, dá Benola sílẹ̀ ní 2013 láti máa la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀ kí wọ́n sì máa ran àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nonye Nweke, tó gba ọmọbìnrin kan tó ní cerebral palsy tọ́, dá Cerebral Palsy Centre sílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Wọ́n kò dúró títí ìbànújẹ́ yóò fi tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ẹgbẹ́ tóbi. Ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún láti Agric, Òwútù àti Ìṣáwó tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù lẹ́yìn ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ti di ẹgbẹ́. Kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yá wọn ní bẹ́ǹṣì, kí ó sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n lè máa bá ara wọn tọ́jú ọmọ, wọ́n lè máa dá àjọ fún owó ọkọ̀. Láti Agric dé Ìdí-Àrábà, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni fún ìyá tó pọn ọmọ ọdún mẹ́ta tí ọrùn rẹ̀ kò dúró. Bí ìyá méjì bá jọ lọ, ọ̀nà a kúrú.

SÍ Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Òbí lè gbàgbé orúkọ oògùn, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ohun tí a sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí ó fi darúgbó. Nítorí náà:

1. Bí ọmọ kò bá tètè ké, tí ẹ sì ti ṣe ohun tó yẹ kí ó lè mí, ẹ sọ fún ìyá lọ́jọ́ náà pé ọmọ náà ní ìṣòro mímí àti pé a ó máa ṣọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sínú káàdì. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù, kódà bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ó jáfara. Òbí tó wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọdún méjì yóò kà á sí ẹ̀tàn, kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́.
2. Ẹ mú un jókòó, ní ibi tó pa rọ́rọ́, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tàbí ẹbí kan. Ẹ má sọ ọ́ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù.
3. Ẹ pe ọmọ lórúkọ. Ẹ gbé e mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ìyá yóò rí i pé ẹ kò bẹ̀rù ọmọ òun.
4. Ẹ má sọ pé "kò lè wúlò láéláé," ẹ má sì sọ pé "yóò bọ́ sípò láìpẹ́." Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí a ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
5. Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹ rò pé ó fà á?" Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ẹ̀bi tó gbé lọ́kàn, ẹ ó sì lè tú u sílẹ̀.
6. Ní gbogbo ìbẹ̀wò, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Ẹ̀yin náà, ẹ tọ́jú ara yín. Agbẹ̀bí tí ọmọ fara pa lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń gbé e lọ sílé. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́.

IBI TÍ A LÈ LỌ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín. Láti ibẹ̀, wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn gbogboogbò ti Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Àwọn dókítà ọpọlọ ọmọdé àti oníṣẹ́ físíò wà ní LUTH ní Ìdí-Àrábà àti ní LASUTH ní Ìkẹjà. Fún àìsàn ọkàn òbí, àwọn ilé ìwòsàn méjèèjì yìí àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba ni a lè lọ. Fún ẹ̀kọ́ ọmọ, iléèwé Modupe Cole wà ní Akọka. Ẹ béèrè bákan náà nípa ètò Ìlera Èkó, kí ẹ lè mọ ìtọ́jú tó san owó fún.

Ọmọ yín ní ẹ̀tọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2011 tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, òun ni ó sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ọmọ yín kúrò ní iléèwé tàbí inú ọkọ̀ nítorí bí ara rẹ̀ ti rí.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ÌYÁ MÁA Ń BÉÈRÈ

Ṣé ọmọ mi yóò rìn?
Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè jókòó fúnra rẹ̀ kí ó tó pé ọdún 2, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó rìn. Èyí tí kò bá rìn ṣì lè kọ́ láti fi ojú, ọwọ́ tàbí ohùn sọ ohun tó fẹ́.

Ṣé oyún mìíràn yóò rí bẹ́ẹ̀?
Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ṣùgbọ́n ẹ forúkọ sílẹ̀ ní kíá, kí ẹ sì sọ fún agbẹ̀bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ti ìṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ibà pọ́njú ni, ó lè padà lára àbúrò rẹ̀, nítorí náà ni kí wọ́n ṣe yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọmọ náà láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ìbá sàn kí ọmọ náà ti kú. Ṣé èmi kì í ṣe ìkà?
Ọ̀pọ̀ ìyá ti rò bẹ́ẹ̀ lóru, kí wọ́n tó tún dìde bọ́ ọmọ náà. Àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kì í ṣe ìkà. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yín. Ìrò tí a sọ jáde a rọ̀, èyí tí a tì mọ́nú a le sí i. Bí ìrò náà kò bá lọ, tàbí bí ó bá ti ń di ohun tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ṣe, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Ẹ RÁNTÍ

Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nílò òbí tó sùn, tó jẹun, tí ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kí ìyá bèèrè ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá mọ ìyá kan ládùúgbò yín tó ń fi aṣọ bo ọmọ rẹ̀ lójú, ẹ kí i lọ́la, ẹ béèrè orúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì bá a gbé e fún ìgbà díẹ̀.